Kírísítálì (Et₂NH₂)₂CuCl₄ mi kò yí àwọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní 52 °C: ṣé omi ni, àbí ìwọ̀n ohun tí mo pò?

Ọmọ_Yábàá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará láàbù. Diethylammonium tetrachlorocuprate, (Et₂NH₂)₂CuCl₄, ni mo ń ṣe ní Yábàá níbí. Ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé àwọ̀ ewé tó mọ́ gaara ló ń ní tó bá tutù, tó bá sì ti wọ nǹkan bíi 52 sí 54 °C, á yí padà di àwọ̀ ìyeyè lẹ́ẹ̀kan náà. Tèmi ń yí padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni. Láti 41 °C ni àwọ̀ ewé náà ti ń ṣá, kò sì di ìyeyè tán títí ó fi dé 63 °C.

Bí mo ṣe ṣe é rèé. Diethylamine hydrochloride gíráàmù 2.19 (0.02 mol) nínú isopropanol mílílítà 15. CuCl₂·2H₂O gíráàmù 1.705 (0.01 mol) nínú ethanol mílílítà 3. Mo gbé méjèèjì sórí omi gbígbóná títí wọ́n fi yọ́ tán, mo da ti bàbà sínú ti amine, mo wá gbé bíkà náà sínú yìnyín. Abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé jáde. Mo sẹ́ ẹ lórí fọ́nẹ́ẹ̀lì Büchner (èyí tí pọ́ǹpù ń fa omi gba ìsàlẹ̀ rẹ̀), mo fi isopropanol tútù ṣàn án, mo jẹ́ kí pọ́ǹpù máa fa afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú kó lè gbẹ, lẹ́yìn náà ni mo kó o sínú désíkétọ̀ (àpótí onídèérí tó ní ohun tó ń fa ọ̀rinrin). Kò sí AC nínú yàrá náà.

Gíráàmù 3.54 ni ìṣirò sọ pé kí n rí, 3.60 ni òṣùwọ̀n gbé. Mo fi iodine àti thiosulphate wọn bàbà inú rẹ̀: 15.4%. Mo wọn chloride gẹ́gẹ́ bí AgCl: 34.3%. Èyí tó mọ́ yẹ kó ní bàbà 17.97% àti chloride 40.10%. Díẹ̀ tí mo fi sílẹ̀ nínú àwo láìbò ti di omi ṣúkẹ́ṣúkẹ́ aláwọ̀ ewé kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ìbéèrè mi: ṣé amine ló pọ̀ jù tó fi ń fa ìwọ̀n bàbà wálẹ̀, àbí omi ni? Bó bá jẹ́ omi, ibo ló gbà wọlé nígbà tó jẹ́ pé désíkétọ̀ ni mo kó o sí? Ẹ jọ̀ọ́, mo tún ní láti ṣàlàyé ìdí tí àwọ̀ náà fi ń yí.

Ìyá_Láàbù

Àbúrò, ìdáhùn ìbéèrè rẹ àkọ́kọ́ ti wà nínú nọ́ńbà tí o kọ sókè yẹn. Má wo bàbà lọ́tọ̀, má wo chloride lọ́tọ̀. Wo ìpín wọn sí ara wọn:

34.3 ÷ 35.45 = 0.968
15.4 ÷ 63.55 = 0.242
0.968 ÷ 0.242 = 4.0

Chloride mẹ́rin sí bàbà kan, géérégé. Ká ní amine hydrochloride ló ṣẹ́kù sínú rẹ̀ ni, ìpín yìí ì bá ti kọjá mẹ́rin, nítorí pé iyọ̀ yẹn ní chloride ṣùgbọ́n kò ní bàbà. Ká sì ní CuCl₂ ló pọ̀ jù, ì bá ti wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ mẹ́rin, torí chloride méjì péré ni bàbà ibẹ̀ gbé dání. Nítorí náà, ohun tó dà pọ̀ mọ́ tìrẹ kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Omi ni, tàbí isopropanol, tàbí omi àti isopropanol.

Wàá tún rí i pé 15.4 ÷ 17.97 = 0.857. Ìyẹn ni pé nínú gíráàmù 3.60 rẹ, nǹkan bíi 3.08 ni ojúlówó, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 0.52 tó jẹ́ ọ̀rinrin. Èrè iṣẹ́ rẹ gan-an jẹ́ 87%, kò sì burú rárá. Ẹni tó bá rí èrè tó lé ní 100% kó má tíì yọ̀, kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé kí ló tún wà lórí òṣùwọ̀n.

Ti àwọ̀ tó ń yí díẹ̀díẹ̀: ohun méjì ló ń ṣẹlẹ̀ nínú tíúbù rẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Omi tó wà lára kírísítálì ti yọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì di àpòpọ̀ tí omi àti chloride jọ ń dì mọ́ bàbà. Bí o ṣe ń mú un gbóná ni chloride ń lé omi kúrò lára bàbà, àwọ̀ á máa ti ewé lọ sí ìyeyè láìsí ibi kan pàtó tó ti bẹ̀rẹ̀ tàbí tó parí sí. Ìyẹn kọ́ lò ń wá. Èyí tí ò ń wá jẹ́ ìyípadà nínú kírísítálì gbígbẹ fúnra rẹ̀, ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìwọ̀n díẹ̀ péré. Ọ̀rinrin ń bò ó mọ́lẹ̀ lójú rẹ ni. Ewu ibẹ̀ ni pé èyí tó ní ọ̀rinrin náà ń jẹ́ àwọ̀ ewé, òun náà ń di ìyeyè, nítorí náà ojú nìkan kò lè dá wọn mọ̀.

Nígbà tó o bá tún wọn bàbà, lo gíráàmù 0.354, torí ìyẹn jẹ́ 1 mmol gẹ́lẹ́: èyí tó gbẹ á gba thiosulphate 0.1 M mílílítà 10.0, irú tìrẹ yìí á dúró ní nǹkan bíi 8.6. Acetic acid ni kó o fi mú un kíkan. Jẹ́ kó kù díẹ̀ kó parí kó o tó fi starch sí i, kó o sì fi thiocyanate sí i kẹ́yìn, nítorí pé CuI funfun tó rọ̀ sílẹ̀ yẹn máa ń di iodine mọ́ ara, á sì jẹ́ kó o dúró ṣáájú àkókò. Má wọ̀n ọ́n lórí bébà. Inú ìgò kékeré onídèérí ni kó wà. Wọn ìgò náà, da díẹ̀ kúrò, tún ìgò wọ̀n. Lórí bébà, wàá máa rí i tí nọ́ńbà òṣùwọ̀n ń gòkè lójú rẹ.

Ẹ̀gbọ́n_Akọ́kà

Ìyá ti sọ ohun tó jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó gbà wọlé, torí ọ̀nà ibẹ̀ ju ẹyọ kan lọ.

Èyí tó burú jù ni 20 ìṣẹ́jú orí fọ́nẹ́ẹ̀lì yẹn. Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́, bí a ṣe ń gbẹ kírísítálì nìyẹn, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Fún iyọ̀ yìí, ní Èkó, ó ti di pé ò ń fi omi rin ín. Ní 30 °C, tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá jẹ́ 80%, omi bíi gíráàmù 24 ló wà nínú mítà kúbíìkì afẹ́fẹ́ kan. Bí pọ́ǹpù bá ń fa lítà 5 ní ìṣẹ́jú kan, 20 ìṣẹ́jú jẹ́ lítà 100, ìyẹn omi gíráàmù 2.4 tó gba àárín kírísítálì rẹ kọjá. 0.52 péré ló dúró sí i. Ó ṣojú àánú sí ẹ.

Ọ̀nà kejì ni yìnyín. Irú afẹ́fẹ́ yẹn máa ń sẹ ìrì sára ohunkóhun tó bá tutù ju nǹkan bíi 26 °C lọ. Bíkà tó ṣí sílẹ̀ nínú yìnyín ń gba ìrì láti òkè ní gbogbo àkókò tó fi wà níbẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ni CuCl₂·2H₂O fúnra rẹ̀. Omi méjì tó wà lára rẹ̀, fún 0.01 mol, jẹ́ gíráàmù 0.36. Ìwọ fúnra rẹ lo dà á sínú iṣẹ́. Fi ti ethanol kún un: èyí tí wọn kò gbẹ dáadáa máa ń ní omi tó súnmọ́ 4.4% nínú ìwúwo rẹ̀, torí ìdàpọ̀ yẹn kò ṣe é yà sọ́tọ̀ nípa kíkán lásán. Isopropanol tirẹ̀ lè gbé omi tó lé ní 12% dání lọ́nà kan náà. Ìgò 70% tí wọ́n ń tà fún ìpawọ́mọ́, má tilẹ̀ mú un wọ láàbù fún iṣẹ́ yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni spirit ilé ìtajà oògùn.

Bí màá ṣe ṣe é nìyí:

Tẹ́ CuCl₂·2H₂O gíráàmù 1.705 sínú àwo, gbé e sínú ofúnù 105 °C títí àwọ̀ búlúù-ewé rẹ̀ yóò fi di búráùn látòkè délẹ̀, kí ìwọ̀n rẹ̀ sì dúró sí 1.345. Ìwọ̀n ni ẹ̀rí, àwọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí tó pé, nítorí òkè lè ti di búráùn kí ìsàlẹ̀ ṣì ní omi. Má gbé e sórí iná gbangba. Tó bá gbóná jù nínú afẹ́fẹ́ tó ní omi, HCl á sá lọ, èyí tó ṣẹ́kù kò ní yọ́ nínú ọtí, wàá máa rí ìdọ̀tí tó ń ṣú nínú ìgò. Gbẹ amine hydrochloride náà ní 100 °C, kó o jẹ́ kí méjèèjì tutù nínú désíkétọ̀, kì í ṣe lórí tábìlì. Ohun èlò gíláàsì náà, inú ofúnù ni kó ti jáde.

Ṣàyẹ̀wò ọtí rẹ pẹ̀lú copper sulphate tí o ti yan di funfun. Ju díẹ̀ sínú mílílítà 2 ọtí náà, pa á dé. Tó bá di búlúù, ọtí náà kò gbẹ.

Yọ́ amine hydrochloride nínú isopropanol 15 ní nǹkan bíi 60 °C lórí omi gbígbóná, nínú ìgò onígun mẹ́ta tó ní ìdérí. Yọ́ CuCl₂ búráùn nínú ethanol 3 sí 4. Da èkejì sínú àkọ́kọ́. Bí nǹkan kan bá ṣú nínú rẹ̀, sẹ́ ẹ kíákíá nígbà tó ṣì gbóná. Wàá rí omi tó ń jọ ìyeyè. Kò sí ohun tó burú, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn tó bá gbóná.

Wàyí o, dé e pa. Jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀ títí yóò fi bá yàrá dọ́gba, kó tó wọ yìnyín fún 30 ìṣẹ́jú, pẹ̀lú ìdérí lórí. Ẹni tó bá kánjú jù ú sínú yìnyín láti orí iná á rí abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ tí wọ́n há omi ìyá (ọtí tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí kírísítálì jáde) mọ́ àárín wọn, kò sí ìṣàn tó lè yọ ọ́ kúrò tán. Èyí tó tutù pẹ̀lẹ́ máa ń gùn, ó sì máa ń rọrùn láti ṣàn. Bí kò bá sí ohun tó jáde, fi ọ̀pá gíláàsì ha inú ìgò, tàbí ju ẹyọ kírísítálì àtijọ́ kan sí i. Tí kò bá tún jáde, ọtí rẹ ti pọ̀ jù; gbé e padà sórí omi gbígbóná kó o dín in kù sí bíi mílílítà 12.

Nígbà sísẹ́: nu ara ìgò gbẹ kó o tó ṣí i, kí ìrì orí rẹ̀ má bàa ṣàn wọ fọ́nẹ́ẹ̀lì. Da gbogbo rẹ̀ sórí Büchner, kó o wá gé rọ́bà ìbọ̀wọ́ kan, fi bo ẹnu fọ́nẹ́ẹ̀lì náà kó o sì fi rọ́bà dì í. Bí pọ́ǹpù bá ti fà, rọ́bà náà á rì wọlé, á tẹ kírísítálì mọ́lẹ̀, á fún omi ìyá jáde lára rẹ̀ láìjẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba àárín rẹ̀. Ohun tó ya iṣẹ́ tó yege sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó kùnà níbí nìyẹn. Ṣí i, da isopropanol tútù mílílítà 2 sí i, tún bò ó, tún fà á. Ẹ̀ẹ̀mejì ti tó. Bí ẹ̀kán bá ti dáwọ́ dúró, pa pọ́ǹpù. Má dúró dè é kó gbẹ níbẹ̀.

Inú désíkétọ̀ tí a fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde ni kó ti gbẹ, títí òṣùwọ̀n yóò fi sọ nọ́ńbà kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Pọ́ǹpù olómi tó ń lo omi ẹ̀rọ kò lè sọ̀ kalẹ̀ ju agbára oru omi náà lọ; ní 28 °C, ìyẹn jẹ́ 28 mmHg, oru yẹn sì lè padà wọ inú désíkétọ̀. Fi tíúbù calcium chloride sí àárín wọn. Wo silica gel rẹ náà: bí aláwọ̀ búlúù bá ti di píǹkì, ọ̀ṣọ́ lásán ló ń ṣe níbẹ̀. Yan án ní 120 °C fún wákàtí mélòó kan kó o tó dá a padà.

Bí yàrá kan bá wà tó ní AC, ibẹ̀ ni kó o ti sẹ́ ẹ. Ní 22 °C pẹ̀lú ọ̀rinrin 55%, omi inú afẹ́fẹ́ kò ju gíráàmù 11 lọ nínú mítà kúbíìkì kan. Tí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, fi ìdérí ìgò sílẹ̀ níbi tó wà títí iná yóò fi dé.

Pípẹ́ẹ̀tì_Surulérè

Mo fara mọ́ rọ́bà ìbọ̀wọ́. Ti ofúnù ni mo fẹ́ tako díẹ̀. Kò sí ìdí láti máa yan CuCl₂. Fi molecular sieve 3A (hóró oníhò wẹ́wẹ́ tó ń fa omi mọ́ra) sínú àpòpọ̀ gbígbóná, òun ló máa gba gíráàmù 0.36 yẹn. Sieve tó gbẹ máa ń gba omi tó tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo rẹ̀, nítorí náà gíráàmù 3 ti tó ó sì ṣẹ́kù. Níbi tí iná kì í dúró, ta ló fẹ́ máa dúró de ofúnù?

Ohun mìíràn: ẹni tí kò bá rí hydrochloride rà, diethylamine olómi rọrùn láti béèrè lọ́wọ́ àwọn oníkẹ́míkà ní Ọjọ́tà. Fún 0.1 mol, mílílítà 10.3 ni (0.707 ni gíráàmù mílílítà rẹ̀ kan). Po ó mọ́ omi díẹ̀ nínú yìnyín, kó o sì máa kán HCl 37% sí i, nǹkan bíi mílílítà 8.3. Má gbẹ́kẹ̀ lé 8.3 yẹn pátápátá, nítorí HCl tó ti pẹ́ nínú ìgò ti pàdánù díẹ̀ nínú agbára rẹ̀. Bébà pH ni kó o tẹ̀ lé, kó o parí rẹ̀ sí bíi 4. HCl tó ṣẹ́kù á bá oru lọ nígbà tí o bá ń gbẹ ẹ́. Amine tó ṣẹ́kù ni kì í ṣe é fara dà, òun ló máa ń mú kí bàbà rọ̀ sílẹ̀ bí ẹrẹ̀ nínú ọtí. Gíráàmù 10.96 ni ìṣirò. Èéfín funfun rẹ̀ ń ta ojú, diethylamine sì ń hó ní 55 °C, oru rẹ̀ sì ń gbiná láti ọ̀nà jíjìn. Kò gbọdọ̀ sí iná gbangba nítòsí, kò sì gbọdọ̀ sí jẹnẹrétọ̀ lẹ́bàá fèrèsé.

Ẹ̀gbọ́n_Akọ́kà

Sieve ń ṣiṣẹ́, n kò jiyàn. Àmọ́ ẹ wo ohun mẹ́ta. Àkọ́kọ́, sieve tí ofúnù 110 °C yan kò tíì gbẹ; ó fẹ́ nǹkan bíi 300 °C, nítorí náà ẹ kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ofúnù, ẹ kàn wá èyí tó gbóná jù ni. Èkejì, àpòpọ̀ yìí kíkan, ekikan sì ń jẹ 3A. Ìyẹ̀fun rẹ̀ á bọ́ sínú ọtí, á bá kírísítálì jáde, kò ní bàbà, kò ní chloride. Ìpín mẹ́rin sí ọ̀kan á ṣì dúró, bàbà á sì tún kéré! Ẹni tó ń wá omi kò ní rí i, torí ìyẹ̀fun ni. Ẹ̀kẹta, ọtí tó ti kó bàbà máa ń há sáàárín oníhóró yẹn, èrè iṣẹ́ á sì dín kù.

Tó bá jẹ́ dandan, lo oníhóró ńlá, má lo ìyẹ̀fun, má gbo ó, kó o sì da ọtí gbígbóná kúrò lórí rẹ̀ gba inú òwú kó tó tutù. Láti mọ̀ bóyá ìyẹ̀fun wọlé: yọ́ gíráàmù 0.2 kírísítálì nínú omi mílílítà 5 tí o ti kán HCl díẹ̀ sí. Iyọ̀ yìí ń yọ́ nínú omi pátápátá, ó ń di búlúù fẹ́ẹ́rẹ́. Ohun tó bá rọ̀ sí ìsàlẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀.

Ìyá_Láàbù

Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ rọra. Nínú ọ̀rọ̀ yìí mo wà lẹ́yìn ofúnù, torí òṣùwọ̀n lè fi hàn pé omi ti lọ tán (1.705 di 1.345, ìdá 21.1%), sieve kò sì ní irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀.

d⁹_Ìsàlẹ̀_Èkó

Kò sẹ́ni tó tíì dá ìbéèrè ìkẹyìn lóhùn, ẹ jẹ́ kí n mú un.

Bàbà tó wà níhìn-ín jẹ́ +2, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù d rẹ̀ jẹ́ mẹ́sàn-án (a ń kọ ọ́ ní d⁹). Bí chloride mẹ́rin ṣe máa tò yí i ká jẹ́ ọ̀rọ̀ àárín ẹni méjì. Àwọn chloride fúnra wọn ń ti ara wọn, torí agbára iná òdì ni gbogbo wọn gbé. Tí a bá fi wọ́n sílẹ̀, tetrahedron (ìrísí olójú mẹ́rin tí ojú kọ̀ọ̀kan jẹ́ onígun mẹ́ta) ni wọ́n á fẹ́ tò, kí oníkálukú lè jìnnà sí ẹnì kejì. Bàbà tirẹ̀ fẹ́ kí wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ sójú kan, ní igun mẹ́rin, torí ibẹ̀ ni d⁹ ti máa jèrè agbára jù. Ẹni tó ń dá ẹjọ́ láàárín wọn ni N–H (náítírójìn àti háídírójìn tó so mọ́ ọn) ara diethylammonium.

Nígbà tó bá tutù, ìdè háídírójìn láti N–H sí Cl lágbára, ó ń fa díẹ̀ nínú òdì kúrò lára chloride. Títi ara wọn á dín kù, bàbà á borí, CuCl₄ á tẹ́. Ẹ má kọ ọ́ pé gbogbo rẹ̀ ló tẹ́ dọ́gba o: nínú kírísítálì tútù, oríṣi CuCl₄ mẹ́ta ló wà, ọ̀kan tẹ́ pẹrẹsẹ, àwọn méjì yòókù wọ́ díẹ̀. Bó bá gbóná kọjá 52 °C, apá ethyl bẹ̀rẹ̀ sí í jà kiri, ìdè náà á rọ̀, òdì á padà sára chloride, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ti ara wọn. Ó di tetrahedron tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀.

Bó ṣe kan ojú: nínú èyí tó tẹ́, ìfò d–d (ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù d bàbà tó ń fò láti ipò kan sí òmíràn) ń gbé ìmọ́lẹ̀ pupa mì, chloride tó ń fún bàbà ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sì ń gbé ti apá àlùkò àti búlúù mì, àwọ̀ ewé ló ṣẹ́kù. Nínú tetrahedron, ìfò d–d ti sá lọ sínú infrared níbi tí ojú kò dé. Pupa ti bọ́, ewé ṣì wà, búlúù nìkan ló ṣì ń sọnù, ohun tí a rí sì ni ìyeyè. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ UV-Vis (tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ tí nǹkan ń gbé mì) tó ń ka ohun líle, kó ka títí dé 1100 nm ó kéré tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á kàn rí i pé ìlà kan sọnù, kò ní mọ ibi tó lọ.

Ẹ̀rí tó rọrùn tí o lè fi ti àlàyé yìí lẹ́yìn: ṣe (Et₄N)₂CuCl₄. Ethyl mẹ́rin, kò sí N–H kankan. Ìyeyè ni láti ìbẹ̀rẹ̀, nínú yàrá lásán. Cs₂CuCl₄ náà kò ní N–H, òun náà kì í ṣe aláwọ̀ ewé.

Àmọ́ má fi àwọ̀ nìkan ṣe ìdájọ́. (CH₃NH₃)₂CuCl₄ àti (C₂H₅NH₃)₂CuCl₄ jẹ́ ìyeyè pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni N–H wọn sì pé mẹ́ta. Tiwọn yàtọ̀: N–H mẹ́ta lórí kékeré kan lè wọ ihò àárín chloride, CuCl₄ á sì so mọ́ ara wọn di pẹpẹ tí ó tò lórí ara wọn, tí bàbà kọ̀ọ̀kan ní chloride mẹ́rin tó súnmọ́ ọn àti méjì tó jìnnà. Irú ètò kírísítálì yìí ni a ń pè ní perovskite onípẹpẹ. Diethylammonium ní apá méjì àti N–H méjì péré, kò lè wọ ihò yẹn, ìdí nìyí tí CuCl₄ rẹ̀ fi dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tó sì ráyè yí. Ìdí nìyẹn tí ó fi ṣe pàtàkì kí amine rẹ má jẹ́ àdàlú: ethylamine díẹ̀ tó bá wà nínú rẹ̀ lè fún ọ ní ìyeyè tí kì í yí.

Ìyá_Láàbù

Ó dára. Ọ̀nà wíwo ìyípadà náà kù.

Tíúbù kápílárì tí wọ́n fi ń wo ibi yíyọ́ ni kó o lò. Lọ díẹ̀ nínú rẹ̀ kíákíá nínú yàrá AC, kó o tẹ̀ ẹ́ wọ tíúbù títí yóò fi tó sẹ̀ǹtímítà kan, kó o fi iná pa ẹnu tíúbù náà dé lójú ẹsẹ̀. Iyọ̀ yìí nínú tíúbù tó ṣí máa ń ṣe bí iyọ̀ ọbẹ̀ nígbà òjò. So ó mọ́ tẹmọ́mítà nínú bíkà omi, máa mú un gòkè kíákíá títí dé 45, lẹ́yìn ìyẹn 1 °C ní ìṣẹ́jú kan. Kọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó ti parí. Bí àárín méjèèjì bá ju 2 tàbí 3 °C lọ, ó ṣì ní ọ̀rinrin, dá a padà sí désíkétọ̀. Nígbà tó bá ń tutù padà, ó lè pẹ́ díẹ̀ nínú ìyeyè kó tó padà di ewé. Má sọ pé ó ti bàjẹ́.

Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ IR (tó ń fi infrared ka ìdè inú nǹkan), ibi tí ẹ máa wò ni àyíká 3400 cm⁻¹. Òkè gbàgẹ̀dẹ̀ tó bá yọ níbẹ̀, omi ni. N–H tirẹ̀ sún sísàlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má da omi ìyá sínú gọ́tà, ọ̀sà ló ń lọ, bàbà sì ń pa ẹja. Da á pọ̀ mọ́ omi, fi sodium carbonate sí i títí yóò fi rọ̀ sílẹ̀ ní búlúù-ewé, sẹ́ ẹ, kó èyí tó rọ̀ náà sínú ìgò ìdọ̀tí onírin. Abẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa èéfín ni kó o ti ṣe é, torí amine tó bá bọ́ sílẹ̀ á máa rùn bí ẹja.

Gbàgádà_Inverter

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó mọ̀ ọ́n, ṣé a lè kùn ún sára okùn bátìrì inverter kó máa fi hàn wá pé ó ti gbóná?

d⁹_Ìsàlẹ̀_Èkó

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lásán. Tó bá kan afẹ́fẹ́, á yọ́. Tó bá yọ́ lórí irin tàbí alumíníọ̀mù, chloride àti bàbà inú rẹ̀ á jẹ ẹ́. Inú gíláàsì tí a pa ẹnu rẹ̀ dé nìkan ló lè dúró, kí ẹ so gíláàsì náà mọ́ okùn. Ibi 52 sí 54 yẹn kò sì ṣe é yí sókè tàbí sísàlẹ̀. Tí 70 lẹ bá ń wá, àfi kí ẹ lọ bá irú rẹ̀ tí wọ́n fi nickel ṣe, ìyẹn sì léwu fún ara ju bàbà lọ.

Ọmọ_Yábàá

Ẹ ṣeun púpọ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. CuCl₂ ti wà nínú ofúnù. Ìbéèrè kékeré kan: irú ìbọ̀wọ́ wo ni kí n gé fún ẹnu fọ́nẹ́ẹ̀lì, kí isopropanol má bàa bà á jẹ́?

Ẹ̀gbọ́n_Akọ́kà

Latex tàbí nitrile, méjèèjì ń gba isopropanol fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Latex ló máa ń nà dáadáa. Fọ ìyẹ̀fun inú rẹ̀ kúrò kó o sì gbẹ ẹ́ kó o tó lò ó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìyẹ̀fun náà á wọ inú kírísítálì rẹ.